Bàbá Mi, Ọ̀pẹ Kì í Ṣe Iṣu

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ kú ìdúró de ohun tí kò níí dé.

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀, torí pé bí inú ṣe ń bí mi tó yìí náà, ẹ̀yin ṣì ni bàbá mi. Mo kí Ìyá Àgbà nínú ìyẹ̀wù. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí àbúrò mi, Wálé, tó fi odindi ọjọ́ kan jókòó sínú mọ́tò wá síbí láti wá kó ẹrù mi, tó sì gbé ẹrù tí ẹ kò rán an padà. Mo kí gbogbo ẹ̀yin ẹbí tí ẹ wà lójú òpó Wasáàpù wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fi àwòrán ẹ̀rín sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ. Mo rí orúkọ yín níkọ̀ọ̀kan. Ọlọ́run yóò san án fún yín bó ṣe yẹ.

Bàbá, ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí fóònù kí á sọ ọ́ láàárín ara wa. Ẹ̀yin ni ẹ kò bá mi sọ ọ́ láàárín ara wa. Ẹ sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ẹ sì jù ú sójú òpó ẹbí níbi tí àwọn ọmọ tí n kò tíì fojú rí rí ti ń gbọ́ ọ. Gbangba ni ẹ ti nà mí, gbangba náà ni n ó ti sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ ka lẹ́tà yìí kó kà á, ẹni tó bá fẹ́ kà á sókè fún Ìyá Àgbà kó kà á sókè dáadáa, torí etí wọn.

Ohun tí ẹ sọ nìyí, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, mo lè kà á lórí: "Ọdún karùn-ún rèé, èèyàn mọ́kànlá. Oko yẹn ti kú. Kí obìnrin yẹn palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀ nílé."

Obìnrin yẹn. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, Àjíkẹ́ ni ẹ ń pè mí. Nígbà tí mo da ìkòkò ọbẹ̀ nù, Àjíkẹ́ ni. Nígbà tí mo kọ ọkọ tí ẹ fẹ́ fún mi, ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ la ẹnu yín, Àjíkẹ́ náà ni ẹ pè. Ó wá di ẹnu iṣẹ́ Olúwa, mo di obìnrin yẹn. Ó dùn mí dé eegun, Bàbá. N kò níí purọ́ pé kò dùn mí.

Ẹ sì ní mọ́kànlá. Ẹni tó bá yín kà wọ́n kò mọ̀ ọ́n kà. Mẹ́sàn-án ni wá. Bí òjò bá rọ̀, a máa ń di márùn-ún, òjò sì ń rọ̀ níbí bí ẹni pé wọ́n háyà rẹ̀.

Nítorí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ̀ wá, ọmọ Òkè-Ògùn ni mí, láti ilẹ̀ iṣu àti ọkà bàbà. Ajíhìnrere ni mí nínú ìjọ Aládùúrà wa. Ìjọ ló rán mi wá sí abúlé oko kan lẹ́yìn Ìjù-Odò, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lọ́nà Òkìtìpupa, pé kí n wá máa bójú tó ilé àdúrà kan tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kú tán, tó ku ìyá arúgbó kan ṣoṣo. Wọ́n gbé mi wá, wọ́n júwọ́ sí mi, mọ́tò wọn sì yí padà kíákíá kí ọ̀nà má baà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn.

Ẹ rò pé ìgbádùn ni mo wá jẹ níbí ni? Bàbá, nílé wa, bí a bá sá aṣọ ní àárọ̀, a ó ká a lọ́sàn-án. Níbí, mo lè sá aṣọ funfun mi lọ́jọ́ Ajé kó má tíì gbẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àmì dúdú wẹ́wẹ́ ń yọ létí ọrùn rẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀, ó ń mu ẹsẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ aṣọ àdúrà. Ẹ̀fọn ibí kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ìbáà jẹ́ wòlíì. Ní ọdún kìíní mi, n kò lè jẹ púpurú. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ títí tó fi ń rùn, tí wọ́n wá ṣù ní róbótó, tí wọ́n yan lórí èéfín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò, òun ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. Mo wo abọ́ náà, mo rántí iyán yín, mo sì sunkún sínú ọbẹ̀ ẹja. Ní báyìí, èmi náà ń rẹ ẹ̀gẹ́, mo ń yan án, mo sì ń gbé e lọ tà. Ohun tó ń bọ́ mi nìyẹn, torí igbá ọrẹ wa, ẹ̀gẹ́ tútù ló ń wà nínú rẹ̀ ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti àwọn èèyàn náà, kí ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni inú ń bí mi sí. Ọdún kan gbáko ni mo fi wàásù ní Yorùbá tiwa, tí wọ́n ń mi orí, tí wọ́n bá délé tán, wọ́n á máa sín mi jẹ. Ilé tiwa, ulé ni tiwọn. Iṣẹ́ wa, uṣẹ́ ni tiwọn. Ọmọ wa, ọma ni tiwọn. Èmi àlejò ni mo kọ́ tiwọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò wá, n ó gba ààwẹ̀ bá a, n ó fi omi wẹ̀ ẹ́, yóò dìde. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, n ó gbọ́ pé ó ti wà ní ìjọ ńlá kan ní Òkìtìpupa tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ amúlétutù. Obìnrin kan wà tí mo gbé oyún rẹ̀ sórí àdúrà láti oṣù kẹta títí ó fi bí. Òun ló ń léwájú akọrin ní ibòmíràn báyìí. Ọkùnrin kan wà tí ọtí ti fẹ́ pa, ọ̀dọ̀ mi ló ti jáwọ́ nínú rẹ̀, ó sì kó lọ sí Iyansan, ó lọ dá ẹgbẹ́ àdúrà tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò tilẹ̀ fi èèyàn ránṣẹ́ kí mi. Wọ́n jẹ àdúrà mi yó, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì lọ. Inú ń bí mi sí wọn títí di òní.

Nítorí náà, n kò ní láti dúró kí ẹ tó sọ fún mi pé oko mi kò so. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi kí ẹ tó ra fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ fi ọ̀rọ̀ oko bẹ̀rẹ̀. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ oko.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo ń kúrò nílé. Màámi wà láyé nígbà yẹn. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà títí omi fi jáde lójú wọn. Ẹ̀yin kò gbàdúrà. Ẹ wọlé, ẹ mú àdá yín kan jáde, ẹ pọ́n ọn dáadáa níwájú mi, ẹ fi àkísà di ẹnu rẹ̀, ẹ sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní ibi tí mo ń lọ, igbó ni. Mo fẹ́ràn àdá yẹn. Mo rò pé bí ẹ ṣe ń súre nìyẹn.

Ìyá arúgbó tí mo sọ, Màmá Orímisàn ni wọ́n ń pè é. Kí n tó dé, ó ti gbin ọ̀pẹ méje sí ẹ̀gbẹ́ ilé àdúrà. Ọ̀pẹ tuntun ni, irú èyí tí kì í ga kó tó so. Èrò rẹ̀ ni pé epo wọn ni yóò ra páànù tuntun sórí ilé àdúrà, torí èyí tó wà níbẹ̀ ti lu. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ agboòrùn ni mo ti ń wàásù. Ọdún kẹta mi níbí, ọ̀pẹ aládùúgbò wa tí wọ́n jọ gbìn lọ́dún kan náà ti so. Ẹyìn wọn pọ́n, ó tóbi, mo ń rí i ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń lọ sódò. Tiwa kò so. Nǹkan kan tó rí bí ìka ọwọ́ tó ṣù pọ̀ ló ń yọ lọ́rùn wọn, á da lẹ́búlẹ́bú tó pọ́n bí ìyeyè sílẹ̀, á gbẹ, á dúdú, á jábọ́. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn láti oṣù dé oṣù.

Bàbá, kí ni ẹ kọ́ mi? Ebè tí kò bá tíì yọ lẹ́yìn òjò kẹta, ẹ ní kí n tú u ká, kí n fi ilẹ̀ rẹ̀ gbin ẹ̀gúsí. Ẹ kì í ṣàánú ebè. Ẹ ní àgbẹ̀ tó bá ń ṣàánú ebè, ebi ló máa pa á. Ẹ̀kọ́ yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, àdá yín sì wà lọ́wọ́ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, Màmá Orímisàn lọ sọ́jà ní Àjàgbà. Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin olóyún tí mo sọ fi wá sílẹ̀ lọ. Mo wo àwọn ọ̀pẹ náà, wọ́n dà bí gbogbo àwọn tó ń jẹ oúnjẹ mi tí wọn kì í fún mi ní nǹkan kan. Mo tú àkísà kúrò lẹ́nu àdá. Mo gé imọ̀ wọn kúrò, mo sì gé wọn dé ibi tó funfun, tó rọ̀, níbi tí màrìwò ti ń jáde. Ọ̀pẹ tí a bá gé débẹ̀ kò tún lè hù mọ́. Mo gé mẹ́rin. Mo ti fi àdá kan ìkarùn-ún nígbà tí Màmá Orímisàn dé, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

Kò pariwo. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wò mí, ó wo àwọn ọ̀pẹ. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ ọ́, n ó tú u sí tiwa fún yín. "Ọma mi, ọdún akọ ni wọ́n ń lò," ló wí. "Ọdún abo wọn ló kù tó ń bọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé wọn kò ṣiṣẹ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ọ̀kan nínú nǹkan tó dà bí ìka ọwọ́ yẹn lára èyí tí mo ti gé lulẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi sì pọ́n. Ó ní lẹ́búlẹ́bú yẹn ni àwọn kòkòrò kéékèèké ń rù lára lọ sí oko aládùúgbò, òun ló ń di ẹyìn níbẹ̀. Ó ní ọ̀pẹ kan náà ló ń ṣe akọ, tó bá tó àkókò rẹ̀, á sì ṣe abo. Kò sí ọ̀pẹ tó ń ṣe abo lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ọmọ kékeré abúlé yìí ló mọ̀ ọ́n, èmi ajíhìnrere nìkan ni n kò mọ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ni kò fi wá sí ilé àdúrà. Ìyá tí kì í sá fún òjò rárá. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́ nígbà yẹn, Bàbá. Ẹ kò mọ̀. Ká ní ẹ pè mí lọ́sẹ̀ yẹn, ǹ bá ti wá. Mo di aṣọ mi, mo di Bíbélì mi, mo jókòó lé wọn lórí, ojú sì tì mí láti jáde kọjá iwájú ilé rẹ̀, torí kò sí ọ̀nà mìíràn jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, ó wá. Nígbà tí a ṣe ìsìn tán, ó ní ọ̀pẹ mẹ́ta ló kù, èmi ni n ó máa ro ìdí wọn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta títí òun yóò fi kú, àdá tí mo fi gé àwọn yòókù náà ni kí n sì máa fi ro ó. Kò bi mí bóyá mo fẹ́ lọ tàbí mo fẹ́ dúró. Ó kàn fún mi níṣẹ́ ni. Mo tú ẹrù mi.

Ìdí ọ̀pẹ wọ̀nyẹn ni mo ti wá ń rò ó, lábẹ́ oòrùn, tí koríko ń gé mi lẹ́sẹ̀. Obìnrin tó ń léwájú akọrin ní Òkìtìpupa, níbo ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọrin láìgba owó? Ọkùnrin Iyansan, àdúrà ta ló ń gbà fún àwọn èèyàn níbẹ̀? Èso wọn kò sí nínú agbọ̀n mi, n kò sì rò pé wọ́n tilẹ̀ rántí orúkọ mi. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú yẹn, Bàbá, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti kúrò. Èmi ń ka èèyàn mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ń ka mọ́kànlá, àwa méjèèjì ń ka ìdì ẹyìn lọ́rùn ọ̀pẹ tó wà lọ́dún akọ. Èyí ló mú mi dúró. Kì í ṣe pé inú mi ti dùn sí wọn o. Bí mo bá rí ọkùnrin Iyansan yẹn, n ó sọ tẹnu mi fún un.

Òjò tó kọjá yìí, méjì nínú ọ̀pẹ mẹ́ta náà so. Màmá Orímisàn ló kọ́kọ́ rí i, ó sì jẹ́ kí n fúnra mi rí i. Ní ọjọ́ Ìkórè wa, a gbé epo wọn síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ẹja àti púpurú. Kò tíì tó páànù. Mẹ́rin tí mo gé yẹn ni ì bá mú un tó. Kùkùté wọn ṣì wà níbẹ̀, mo ń kọsẹ̀ lára wọn. Ìkẹta kò tíì so. Ọdún akọ rẹ̀ ló ń lò, mo sì ń ro ìdí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń ro ti àwọn tó so.

Mo wá dé orí ohun tó bí mi nínú jù. Wálé ṣì wà lọ́dọ̀ mi, tó jókòó ti ẹrù tí n kò dì, nígbà tí olórí ẹkùn ìjọ wa, Bàbá Alága, pè mí. Wọ́n ní ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ ń sunkún, ẹ ní àìsàn ti dá yín dùbúlẹ̀, kí wọ́n dá ọmọ yín padà fún yín. Mo wo Wálé. Mo bi í pé kí ló ń ṣe Bàbá. Wálé kò lè wò mí lójú. Ó ní ọjọ́ tí òun ń bọ̀, oko ni òun fi yín sí, tí ẹ ń kọ ebè, tí ẹ sì ń bú àwọn lébìrà pé wọ́n ń lọ́ra.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún, torí Wálé sọ ìyókù. Ó ní láti ìgbà tí Màámi ti kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹun. Ó ní ẹ máa ń gbé àga mi jáde síta ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kì í jẹ́ kí ẹnì kankan jókòó lé e. Bàbá, èèṣe tí ẹ kò sọ ìyẹn sínú fóònù? Ká ní ẹ sọ lójú gbogbo ẹbí pé Àjíkẹ́, àárò rẹ ń sọ mí, ǹ bá ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé oko mi ti kú. Oko ẹlòmíràn máa ń rọrùn láti gé. Èmi mọ̀, mo ti ṣe é rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fún Bàbá Alága lésì. Mo ní n kò lọ. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sunkún. Wọ́n ní àfi bí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ yọ̀ǹda mi. Bí ẹ kò bá pe àwọn kí oṣù yìí tó tán, àwọn yóò rán mọ́tò wá gbé mi, wọn yóò sì ti ilẹ̀kùn ibí. Màmá Orímisàn gbọ́ ọ. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń bó o lọ.

Nítorí náà, Bàbá, èyí ni ẹrù tí Wálé gbé bọ̀ wá bá yín: kẹ́ẹ̀gì epo kan, láti ara ọ̀pẹ méjì tí n kò gé. Ẹ fi jẹ iṣu. Ẹ má fi hàn lójú òpó, ẹ jẹ ẹ́ ni. Ìkejì rẹ̀, tí mo fi àkísà kan náà dì lẹ́nu, ni àdá yín. Màmá Orímisàn ti fún mi ní tirẹ̀ tí n ó máa fi roko. Ọwọ́ yín ni tiyín wà báyìí, ọwọ́ yín náà sì ni mo wà. Ọdún akọ ni mo ń lò, Bàbá mi. Ẹ má gé mi.

Bí ẹ bá ti pe Bàbá Alága, ẹ pe èmi náà. Ẹ pè mí ní orúkọ mi. Ẹ sọ pé àárò mi ń sọ yín, n ó sì wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àga mi níta, n ó gún iyán fún yín, a ó jọ jà bí a ṣe máa ń jà. Lẹ́yìn náà, n ó padà síbi uṣẹ́ mi.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí. Kí òjò rọ̀ fún ebè yín lásìkò, kí oòrùn má pa èso yín. Kí àìsàn tí ẹ fi ẹnu ara yín pè má jẹ́ yín o. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ sọ fún Wálé pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ẹ kí àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Màmá Orímisàn ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọma yín mọ oko ro díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni, kì í ṣe obìnrin yẹn,

Àjíkẹ́, ọmọ yín.